Ọdún Tí Màmá Mi Di Etí Bàbá Mi

Ohùn bàbá mi ló máa ń jí mi lọ́dún náà, ní ilé wa ní Adó-Èkìtì. Á máa pe nọ́ńbà fún ìyá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá náà á sì máa dá a lóhùn ní ogún-ogún. Bí bàbá mi bá ní ogóje ni òun fẹ́ lónìí, ìyá àgbà á ní ogún méje nìyẹn, á ka èkùrọ́ méje sínú àwo, á gbé wáyà bàbà lé itan, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti wé wáyà náà ní ìgbà ogún, á ju èkùrọ́ kan sínú àwo kejì. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n n kò rí ọjọ́ kan tó ṣì í kà. Lẹ́yìn ilé, màmá mi á ti máa sẹ́ ògì kó tó múra ibi iṣẹ́, nítorí nọ́ọ̀sì ni. Bí agogo ìjọ Àgùdà tó wà lókè ọ̀dọ̀ wa bá dún, gbogbo ilé á dákẹ́ fún àdúrà, ọwọ́ ìyá àgbà á dúró lórí wáyà. Bí a bá ti ṣe Àmín tán, ariwo á tún bẹ̀rẹ̀: omi nínú garawa, ìgbálẹ̀ ní àgbàlá, adìyẹ lábẹ́ àkéte, àti bàbá mi tó ń wá bàtà rẹ̀ kan.

Ilé wa kò jìnnà sí oríta Adébáyọ̀, yàrá kan nínú rẹ̀ sì kọjú sí títì. Yàrá náà ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Láàárọ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní físíìsì, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Tíṣà. Lọ́sàn-án, bó bá ti jẹun tán, á wọ ṣòkòtò kan tí òjé gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà ti jó lu káàkiri, á ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó wù ú jù láyé, ìyẹn ni fífi sípíkà sínú ọkọ̀. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pọ̀ ní Adébáyọ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kàn ń so wáyà mọ́ wáyà ni. Bó bá ti ń dún, ó ti parí. Bàbá mi kò gba bẹ́ẹ̀. Ó ní sípíkà ńlá kò lè gbé ohùn obìnrin jáde bó ṣe yẹ, sípíkà kékeré tí wọ́n ń pè ní tuítà kò sì lágbára láti ru ìró ìlù, bí a bá di ìlù rù ú, yóò jó. Nítorí náà, kí ohùn tó dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà tí yóò pín in fún wọn. Krọsófà ni wọ́n ń pe nǹkan náà. Àwọn mìíràn ń ra èyí tí wọ́n ti ṣe láti òkè òkun, ṣùgbọ́n bàbá mi ní ẹni tó ṣe é lọ́hùn-ún kò rí ọkọ̀ tó wà níwájú òun. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe tirẹ̀ fún.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni krọsófà náà ń ṣe gan-an. Kò ṣí ìwé fún mi. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí ògì màmá mi, ó ní kí n wo asẹ́. Omi ògì ń kọjá, èèrí ń dúró. Ó ní wáyà bàbà tí ìyá àgbà ń wé yẹn, asẹ́ ni, ohùn tó nípọn ló ń gba inú rẹ̀ lọ sí sípíkà ńlá, èyí tó tínrín kò ní rọ́nà. Kapásítọ̀ ni asẹ́ kejì, òun sì ń ṣe òdìkejì: ohùn tínrín ló ń jẹ́ kó kọjá lọ sí tuítà. Ó ku ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní rẹsísítọ̀. Ó ní tuítà máa ń pariwo ju sípíkà ńlá lọ, bí ọmọ kékeré láàárín àgbàlagbà, rẹsísítọ̀ yìí ló ń sọ fún un pé kó rọra. Gbogbo ìyókù, ìṣirò ni bàbá mi fi ń mú un nínú ìwé. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ló ń fi etí mú. Á jókòó sínú ọkọ̀, á ti gbogbo fèrèsé, á fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, á máa pààrọ̀ rẹsísítọ̀ títí ojú rẹ̀ á fi tú ká. Títí dòní, bí mo bá rí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ojú bàbá mi tó ń tú ká lẹ́yìn gíláàsì ọkọ̀ ni mo máa ń rántí.

Ìyá àgbà kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ wáyà wíwé. Ní Ìjàn-Èkìtì tí ó ti wá, kíjìpá ló ń hun, wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ aṣọ náà káàkiri. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí bàbá àgbà sì ti kú, bàbá mi lọ kó o wá sọ́dọ̀ wa. Kò ju oṣù kan lọ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé wọ́n gbé òun wá sí ulé bí ẹni gbé àga. Bí ó ṣe ń pe ilé nìyẹn, ulé. Igi ni ugi, iná ni uná. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín bí irú rẹ̀ bá bọ́ lẹ́nu mi, nítorí àwọn tíṣà wa kò fẹ́ gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, ó bá wáyà tí bàbá mi wé lórí tábìlì, ó fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó wé èyí, ebi ń pa á. Ó ní kí wọ́n fún òun ní wáyà mìíràn. Ẹni tó ti ń ran òwú láti kékeré, kí ni wáyà? Èyí tí ó wé jáde dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹsẹ̀ kan kò gun èkejì. Bàbá mi gbé e lọ́wọ́, ó yí i wò, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà lọ, òun ló ń wé gbogbo wáyà wa.

Bí ilé wa ṣe wà nìyẹn kí Ọ̀gbẹ́ni Fátúnlà tó gbé ọkọ̀ Péjò rẹ̀ wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ó sì máa ń wa ọkọ̀ lọ sí Ìjàn ní òpin ọ̀sẹ̀ láti wo oko bàbá rẹ̀. Bàbá mi ṣe sípíkà fún un, ọkùnrin náà dúpẹ́, ó lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi padà wá. Ó ní kí Tíṣà má bínú, ohùn náà ń gún àwọn létí. Ọmọ òun obìnrin máa ń fi ọwọ́ di etí tó bá ti wọ ọkọ̀, ìyàwó òun sì ní ó dà bí abẹ́rẹ́. Bàbá mi wọlé sínú ọkọ̀, ó tẹ́tí, kò rí ohun tó burú. Ó ní sípíkà tuntun ni, yóò rọ̀ tó bá pẹ́. Ọkùnrin náà lọ, ó tún padà wá, ó sì fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjì mìíràn náà ráhùn, wọ́n sì gbé ọkọ̀ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní Adébáyọ̀ pé ọwọ́ Tíṣà ti kan, kò mọ iṣẹ́ mọ́. Màmá mi gbọ́ ọ níbi tó ti ń ra ata, kò sọ ọ́ nílé, ṣùgbọ́n bàbá mi ti gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà.

N kò lè gbàgbé bí ó ṣe ṣe ìṣirò náà ní àṣetúnṣe. Ó tú krọsófà Péjò náà palẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, ó wọn wáyà, ó wọn kapásítọ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Ó ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ìwé, èsì kan náà ló ń rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyán sílẹ̀ láìjẹ tán, èyí tí a kò rí rí nílé wa. Ìyá àgbà pàápàá ń bẹ̀rù pé bóyá òun ti ń ṣì í kà, ó ń ju èkùrọ́ sínú àwo, ó tún ń kó wọn jáde kà. Èmi gan-an mọ̀ pé ohùn náà ń dùn mí. Mo ti wọ Péjò náà, ó sì ń ha mí létí bí ìgbà tí wọ́n fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, Tíṣà sì ni bàbá mi. Mo rò pé bí ohun tó dára ṣe máa ń dún nìyẹn, pé etí mi ni kò tíì gbọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ìkẹyìn ọdún náà, gbogbo wa jókòó sí àgbàlá. Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gúsí, màmá mi ń di irun mi, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni. Àwọn ìrẹ̀ ti bo gbogbo igbó tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń ké débi pé màmá mi ní láti gbé ohùn sókè kí n tó gbọ́ pé kí n tẹ orí. Bàbá mi na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó ń wo ojú ọ̀run. Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò bá ẹnì kan wí.

“Ìrẹ̀ kò ké lọ́dún yìí o.”

Ọwọ́ màmá mi dúró nínú irun mi. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti gbé orí sókè, ojú rẹ̀ tó ṣú kọ sí ibi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ti wá. Mo rántí pé màmá mi fi àtàǹpàkò tẹ̀ mí lórí pẹ̀lẹ́, mo sì mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ó di irun náà tán, ó wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ohun tó gbọ́. Lónìí tí mo ti ju ọjọ́ orí tí ó wà nígbà náà lọ, mo ń ro bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó láti gbé fún ọkọ ẹni.

Ó gbé e fún un lọ́jọ́ kejì. N kò sí níbẹ̀, ìyá àgbà ló sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó ní màmá mi kò yí ọ̀rọ̀ náà po rárá. Ó ní ìrẹ̀ ń ké, gbogbo wọn ló ń gbọ́ ọ, bàbá mi nìkan ni kò gbọ́. Bàbá mi kọ́kọ́ bínú. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà fi ẹ̀rọ wọn etí rẹ̀, ó ní ohùn tó nípọn wà, ọ̀rọ̀ èèyàn wà, ṣùgbọ́n ohùn tínrín ti lọ, kò sì ní padà. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti sípíkà tó ti ń dán wò láti ọdún pípẹ́ ló jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wá yé e. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣìnà rí. Níbi rẹsísítọ̀, tí etí nìkan ń mú, ni ó ti ń ṣìnà. Nítorí kò gbọ́ tuítà dáadáa mọ́, ó rò pé ó rọ̀ jù, ó ń yọ ohun tó ń dá a dúró, ó ń jẹ́ kó pariwo sí i fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, ó ń padà, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìbọ́ aṣọ. Ìyá àgbà ṣì ń bèèrè iye tí òun máa wé láràárọ̀, bàbá mi á ní kí wọ́n sinmi, kò sí iṣẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyá àgbà pè é kó jókòó ti òun. Mo wà nídìí ìkòkò, mo ń fọ àwo, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi í bóyá ó rántí ọdún tí òun fi híhun sílẹ̀. Bàbá mi ní òun rántí. Ìyá àgbà ní ọdún méjì gbáko ni òun fi ń hun aṣọ tí ojú òun kò rí mọ́, tí òun ń tà á, tí ìlà rẹ̀ sì wọ́, nítorí ojú ń ti òun láti sọ ọ́. Àwọn tó rà á kò sọ fún òun, wọ́n kàn lọ ń ra ti ẹlòmíràn. Ó ní, “Délé, kò sí ẹni tó lé mi kúrò nídìí aṣọ. Ẹnu mi tí mo pa mọ́ ló lé mi. Ká ní mo ti pe ọmọ kan kó máa bá mi wo ìlà, ǹ bá ṣì máa hun ún dòní. Ìwọ, ta lo fẹ́ pè?”

Bàbá mi dìde, ó bọ́ sí ìta. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, nígbà tí màmá mi ti ibi iṣẹ́ dé, tó ṣì wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ tó dúró ti Péjò Fátúnlà, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí sílẹ̀. Bàbá mi ní kó jọ̀wọ́ kó jókòó sínú rẹ̀. Màmá mi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, ohùn òkè ló ń kọ, ó sì máa ń mọ̀ bí ẹnì kan bá yà kúrò lójú orin, kódà bó ṣe fọ́nrán irun kan. Mo sá wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọn kò lé mi. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé. Ooru mú wa bí ẹni wà nínú ààrò. Bàbá mi fi kásẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ akọrin sí i, ó tẹjú mọ́ ẹnu ìyàwó rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni yóò ti rí ohun tí òun kò gbọ́. Màmá mi ní ó ń gún. Bàbá mi jáde, ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé, ó pààrọ̀ rẹsísítọ̀, ó padà. Ó ṣì ń gún, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ díẹ̀. Ó tún jáde. Ní ìgbà kẹrin, màmá mi ní ó ti kú jù wàyí, “s” kò jáde mọ́ lẹ́nu àwọn akọrin, ó dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́nu. Mo rò pé bàbá mi yóò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára, a ti mọ ọ̀tún, a ti mọ òsì, ó ku àárín. Ìgbà keje ni màmá mi dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin náà lábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn. Bàbá mi pa irin rẹ̀.

Nígbà tí Fátúnlà wá gbé ọkọ̀ rẹ̀, àwọn mẹ́ta mìíràn wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, méjì nínú wọn jẹ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Adébáyọ̀, wọ́n wá wo bí yóò ṣe rí. Ó jókòó, ó tẹ́tí sí orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó jáde, ó di bàbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní Tíṣà kò láfiwé, pé etí rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní Adó. Èmi tí mo wà níbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Bàbá mi wo àwọn tó dúró, ó wo màmá mi tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ó ní, “Etí mi kọ́ o. Etí mi kò gbọ́ ohùn tínrín mọ́, ó sì ti ṣe díẹ̀. Ìdí tí mo fi ba tiyín jẹ́ nìyẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí. Ìyá mi ló wé wáyà rẹ̀, èmi ṣe ìṣirò, ìyàwó mi ló gbọ́ ọ. Láti òní lọ, òun ni yóò máa gbọ́ ọ.”

Ẹnì kan nínú àwọn oníṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló rí afọ́jú tó ń ya fọ́tò. Bàbá mi ní òótọ́ ni, ó sì bá a rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Àwọn kan kò padà wá mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti lọ, ó rìn lọ sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn padà wá kí òun tún un ṣe, kò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Títí ó fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó kúrò níwájú ilé wa láìjẹ́ pé màmá mi jókòó sínú rẹ̀ kó sì dijú. Mo ti bá àwọn ọlọ́gbọ́n ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Díẹ̀ ni mo rí nínú wọn tó lè sọ ní gbangba ohun tí bàbá mi sọ lọ́jọ́ yẹn.

Fátúnlà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó yọ fìlà fún màmá mi, ó ní òun ń lọ sí Ìjàn báyìí, kí gbogbo ilé bá òun lọ, kí ìyá àgbà lè rí àwọn èèyàn rẹ̀. A kó wọlé, bàbá mi níwájú, ìyá àgbà àti màmá mi lẹ́yìn, èmi láàárín wọn. Ọ̀nà náà gba àárín oko gbágùúdá àti oko iṣu lọ, oòrùn mọ́, orin náà sì ń lọ jẹ́jẹ́. Ìyá àgbà ń fi ìka ka ìlù náà lórí itan rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bàbá mi yí orí padà sí ẹ̀yìn.

Ó ní, “Màmá Fúnmi, èyí tí n kò gbọ́ yẹn, báwo ló ṣe rí?”

Màmá mi súnmọ́ ẹ̀yìn àga rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Fúnmi, ẹ mọ ìgbà tí ọmọ bá sùn lẹ́yìn èèyàn, tí èémí rẹ̀ ń kan ni lọ́rùn. Bó ṣe rí nìyẹn. Ó súnmọ́ èèyàn gan-an, kò sì pariwo.”

Bàbá mi yí orí padà síwájú. Ó wo ọ̀nà títí a fi kọjá afárá kékeré kan.

Ó ní, “Mo ti gbọ́ ọ.”